Igi Àtayébáyé Lẹ́bàá Ọ̀nà 101 ní Kalifọ́níà: Níbo Ni Kí Ẹ Ti Dúró Rìn Díẹ̀?

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ kúrò ní San Francisco láàárọ̀, tó kọjú sí àríwá Kalifọ́níà, tó sì gba ọ̀nà 101 dé Crescent City, nǹkan bí máìlì 350 ló máa wà. Bí a ṣe máa tètè dé ló sábà máa ń jẹ ọ̀pọ̀ lógún. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn igi tó ga jù lọ láyé dúró sí, àwọn redwood, tí àwọn kan nínú wọn ti lé ní 1,000 ọdún, tí a sì rí èyí tó ti lé ní 2,000. Kò dìgbà tí ẹ bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí ẹ sùn sínú igbó, kí ẹ tó rí wọn. Wákàtí kan tó, bí ẹ bá mọ ibi tó yẹ kí ẹ yà sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí ènìyàn lè yà sí pọ̀, orúkọ wọn sì jọra létí àlejò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gba ọ̀nà yìí: ìgbà kan pẹ̀lú màmá mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ìgbà kan pẹ̀lú àwọn ọmọ, ìgbà kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ ya fọ́tò ohun gbogbo. Ibi tó dára jù kò rí bákan náà nínú ìrìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra níbí, màá sì sọ ẹni tí mo rò pé kálukú wọn yẹ.

| Ibi | Gígùn ìrìn | Àkókò tó yẹ | Ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà | Owó |
|---|---|---|---|---|
| Muir Woods | máìlì 0.5 sí 1.5 | wákàtí 1 sí 2 | ọlọ́dà, ó kọ́rọ́kọ̀rọ | dọ́là 15 fún àgbà, ẹ tún máa sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí |
| Founders Grove | nǹkan bí máìlì 0.6 | ìṣẹ́jú 45 | ọlọ́dà, kò jìnnà sí 101 | ọ̀fẹ́ |
| Big Tree Wayside | ìṣísẹ̀ díẹ̀ | ìṣẹ́jú 15 | ọlọ́dà, ó tẹ́jú | ọ̀fẹ́ |
| Lady Bird Johnson Grove | nǹkan bí máìlì 1.5 | wákàtí 1 | ọlọ́dà, òkè rẹ̀ ga gan-an | ọ̀fẹ́ |
| Stout Grove | nǹkan bí máìlì 0.5 | ìṣẹ́jú 45 | eléruku, ó tóóró | ọ̀fẹ́ |

Ìwọ̀n ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó ń rìn tó sì ń wòkè ni mo fi ka àkókò yẹn. Ẹni tó bá ń sáré lè jáde ní Founders Grove láàárín ìṣẹ́jú 15, àmọ́ kò ní rí ohun tó torí rẹ̀ yà.

Muir Woods, àbí kí ẹ fara dà á dé Founders Grove?

Muir Woods ló sún mọ́ ìlú ńlá jù, nǹkan bí máìlì 12 sí afárá Golden Gate. William Kent àti ìyàwó rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì fi ta ìjọba àpapọ̀ lọ́rẹ nígbà tí ilé iṣẹ́ omi kan fẹ́ sé odò ibẹ̀. Ààrẹ Theodore Roosevelt wá sọ ọ́ di ilẹ̀ tí a dáàbò bò lóṣù Kìíní ọdún 1908. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, àwọn aṣojú tó péjọ sí San Francisco láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ lọ ṣe ìrántí Ààrẹ Franklin Roosevelt, tó ti kú lóṣù tó ṣáájú, sábẹ́ àwọn igi wọ̀nyí. Ibi tó ní ìtàn ni.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ń bọ̀ wá sí àríwá, ẹ fi Muir Woods sílẹ̀. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ò ju nǹkan bí mítà 79 lọ, nígbà tí àwọn ti Founders Grove ń kọjá 100. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọdún 2018 ni ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ síbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó máa dé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ìwé ẹ̀rí pamọ́ sórí fóònù tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa rí fún ẹni tó ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn: gbogbo sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá á di ìdààmú ọkàn, ẹ ò sì tíì rí igi kankan. Èmi ò lè fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wọ igbó.

Ẹni tí Muir Woods yẹ ni ẹni tí kò ní kọjá San Francisco rárá. Ọ̀nà inú rẹ̀ jẹ́ pákó àti ọ̀dà, ó tẹ́jú, àga onítáyà ń gbà á dáadáa. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba àyè òwúrọ̀ kùtù, kó tó di pé èrò kún.

Founders Grove, níbi tí igi ti wó

Bí ẹ bá wa ọkọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin láti San Francisco, ẹ máa rí àmì Avenue of the Giants. Ọ̀nà 101 àtijọ́ nìyẹn, máìlì 31, ó sì ń bá tuntun rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè bọ́ sí i níhìn-ín kí ẹ jáde lọ́hùn-ún. Bí àkókò bá ká yín lọ́wọ́ kò, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní tààrà nítòsí Weott, ibẹ̀ ni Founders Grove wà. Àwọn tó dá Save the Redwoods League, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó redwood, sílẹ̀ lọ́dún 1918 ni wọ́n fi ibẹ̀ sọ orí. Nígbà náà, àwọn agégẹdú ti dojú ayùn kọ igbó náà láti ìhà gbogbo. Nínú gbogbo igbó redwood àtijọ́, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ṣẹ́ kù lónìí.

Ẹ máa kọ́kọ́ pàdé Founders Tree, tó ga ju mítà 100 lọ. Ibẹ̀ ni èrò máa ń pọ̀ sí. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sínú ọkọ̀. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí wọn tí wọ́n ń padà, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún síwájú sí i ni ohun tó yẹ kí wọ́n rí wà.

Dyerville Giant ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí mítà 110 ló ga tó kó tó wó lóṣù Kẹta ọdún 1991, lẹ́yìn tí òjò ti rẹ ilẹ̀ dáadáa, tí igi mìíràn sì ṣubú lù ú. Ẹnì kan tó ń gbé nítòsí gbọ́ ìró rẹ̀, ó rò pé ọkọ̀ ojú irin ló kọlu nǹkan. Àwa a máa sọ pé àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Èyí wó, kò sì dójú ti ẹnikẹ́ni. Wọn ò gé e, wọn ò sì gbé e kúrò. Bó ṣe sùn náà ló wà, ewé ọmu ti hù sí i lára, àwọn igi kéékèèké náà sì ti ta gbòǹgbò sórí rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi gbé òkú igi ga ju ààyè lọ? Nítorí pé redwood tó dúró kò ṣeé wọ̀n lójú. Ẹ ó wòkè títí ọrùn á fi rò yín, ẹ ò ní rí orí rẹ̀. Ẹ̀ka ló máa bò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó sùn, ẹsẹ̀ lẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó máa rìn, kò ní tán. Ibi gbòǹgbò rẹ̀ dúró gàgà bí ògiri ilé tó ga ju ènìyàn lọ. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé, "Dádì, gbòǹgbò tó kù ńkọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí èyí tó kù. Gbòǹgbò redwood kì í sábà wọlẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ń tàn sí, ó lè tàn dé 30 mítà, á sì wé mọ́ gbòǹgbò àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ara wọn ni wọ́n fi ń dúró.

Nígbà tí màmá mi débẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, bí orúnkún wọn ṣe gbà wọ́n láyè, wọ́n ní, "Ẹ kú ọjọ́ gbogbo o, Bàbá." A ò tíì gbọ́ kí màmá mi kí igi rí.

Ìdí tí igi ibẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀ ni odò. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí odò Eel ni Founders Grove wà. Bí odò bá kún, á gbé ẹrẹ̀ ọlọ́ràá wá dà sí ìdí igi. Igi mìíràn á kú sí i, ṣùgbọ́n redwood á ta gbòǹgbò tuntun láti ara ìtì rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, á sì máa dàgbà lọ. Àkúnya oṣù Kejìlá ọdún 1964 gbá ọ̀pọ̀ ilé ìlú Weott lọ. Àwọn igi wọ̀nyí wà níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ báyìí.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó le, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ìdúró kan ṣoṣo ni òun ní, Founders Grove ni màá ní kó yà sí.

Lady Bird Johnson Grove àti Stout Grove: òkè tàbí etí odò?

Àwọn méjì yìí ni ìyàn máa ń le sí jù, nítorí pé àwọn méjèèjì lẹ́wà, ẹwà wọn kò sì jọra.

Lady Bird Johnson Grove wà lórí òkè, nǹkan bí mítà 365 sí ojú òkun, ní Redwood National Park. Ààrẹ Lyndon Johnson ló fọwọ́ sí òfin tó dá páàkì náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Ìyàwó rẹ̀, tó jà fitafita fún ìtọ́jú ilẹ̀ àti ewéko, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibẹ̀. Ààrẹ Nixon ló sì wá ṣí i lóṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Afárá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan gba òkè títì kọjá, ibẹ̀ lẹ máa gbà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni kùrukùru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kò rọ̀, kùrukùru láti òkun ló ń bomi rin àwọn igi yìí: ewé wọn ń mu ún, èyí tó kù á máa kán tótó sílẹ̀ bí ìrì. Bí ẹ bá débẹ̀ láàárọ̀ tí ó ṣú bẹ́ẹ̀, ẹ dúró, ẹ tẹ́tí. Ó ń kán níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, òdòdó rhododendron á tún yọ láàárín àwọn igi náà.

Stout Grove, etí odò Smith ló wà, ní Jedediah Smith Redwoods State Park nítòsí Crescent City. Kò tóbi, éékà 44 péré. Clara Stout ló fi ta Save the Redwoods League lọ́rẹ lọ́dún 1929 ní ìrántí ọkọ rẹ̀, Frank Stout, tó jẹ́ oníṣòwò gẹdú. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé owó pákó ló ra igbó tí a kò gé. Nítorí pé odò máa ń kún wọ inú rẹ̀, igbó kéékèèké kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀: igi ńlá, ewé ọmu nílẹ̀, àlàfo gbalasa láàárín wọn. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wá gba àárín ìtì wọ̀nyẹn wọlé, ọ̀rẹ́ mi olùyàfọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, ó kàn ń wò.

Báwo lẹ ṣe máa yàn? Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ yín. Bald Hills Road tó lọ sí Lady Bird Johnson Grove ga fíofío láti 101 lápá àríwá Orick, ṣùgbọ́n ọlọ́dà ni. Howland Hill Road tó lọ sí Stout Grove jẹ́ eruku àti kòtò, ó tóóró débi pé ọkọ̀ méjì kò lè kọjá ara wọn láwọn ibì kan, igi ńlá sì fún un lápá méjèèjì. Bí ẹ bá wa ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń sùn sí, tàbí tí ẹ so tírélà mọ́ ẹ̀yìn, ẹ má dán èyíkéyìí nínú méjèèjì wò. Ọkọ̀ kékeré kò níṣòro. Ẹni tí ẹ̀rù ọ̀nà eruku ń bà lè gba apá Hiouchi wọ Stout Grove, ó kúrú ju ti Crescent City lọ, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá lè ṣe é, ẹ gba ti Crescent City. Ìrìn inú ọkọ̀ lábẹ́ àwọn igi yẹn tó ìdúró lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ wo ojú ọjọ́. Kùrukùru, Lady Bird Johnson. Oòrùn ìrọ̀lẹ́, Stout. Ní ti ẹsẹ̀, ti Lady Bird gùn ní ìlọ́po mẹ́ta ṣùgbọ́n ó tẹ́jú, nígbà tí ti Stout kúrú àmọ́ ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, tó máa yọ orúnkún lẹ́nu nígbà tí ẹ bá ń gòkè padà. Màmá mi lọ sí ti Lady Bird, wọ́n rìn ín tán.

Big Tree Wayside, fún ẹni tí kò lè rìn

Ẹ kúrò lórí 101, ẹ bọ́ sí Newton B. Drury Scenic Parkway. Máìlì mẹ́wàá ni, á sì tún dá yín padà sórí 101, nítorí náà ẹ ò pàdánù ohunkóhun. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, ni igi kan wà tó ga ju mítà 80 lọ, tí ìbú ìdí rẹ̀ tó nǹkan bí mítà méje. Àga onítáyà ń débẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ọmọdé bá ń sùn nínú ọkọ̀, ẹ lè pín ara yín sí méjì, kí ẹnì kan dúró tì í. Lórí pápá tó wà lápá gúúsù ọ̀nà yẹn, ẹ wo ọ̀tún wo òsì fún elk, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi tó màlúù. Ẹ má sún mọ́ ọn.

Ohun tí màá ní kí ẹ fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè Hyperion, igi tó ga jù lọ láyé, nǹkan bí mítà 116, tí wọ́n rí lọ́dún 2006. Ẹ má wá a. Kò sí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá a ti tẹ ewéko ìdí rẹ̀ pa, ìjọba sì ti ti àyíká rẹ̀ láti ọdún 2022. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 5,000 dọ́là, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sì wà níbẹ̀. Láti ilẹ̀, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ló ga jù. Tall Trees Grove gba ìwé àṣẹ, ìrìn rẹ̀ sì gùn, kì í ṣe fún ẹni tó kàn yà. Ní ti àwọn igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí kí ọkọ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, onílẹ̀ aládàáni ló ni wọ́n, ẹ ó sanwó. Ọgbẹ́ ni mo rí lára igi náà, mi ò padà lọ.

Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín nípa General Sherman, igi ibòmíràn nìyẹn: giant sequoia ni, ó sanra ju redwood lọ ṣùgbọ́n kò ga tó o, òkè Sierra Nevada ló wà, kò sí lójú ọ̀nà yìí.

Kí ẹ tó bọ́ọ́lẹ̀

Ẹ mú aṣọ òtútù, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abẹ́ igi tutù ju inú ọkọ̀ lọ, ilẹ̀ sì máa ń ṣú níbẹ̀ kó tó ṣú níta. Ìgbà kan tí a dé Founders Grove ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lóṣù Kejìlá, iná fóònù la fi rí ẹsẹ̀ wa. Ewéko kan tó ń ní ewé mẹ́ta-mẹ́ta lórí igi kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń yúnni bíi wèrèpè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọn kì í jẹ́ kí ajá wọ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbi márààrún yìí.

Ẹ dákun, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, bó ti wù kí fọ́tò yẹn dára tó. Mo ti sọ pé gbòǹgbò wọn kì í wọlẹ̀ jìnnà. Ẹsẹ̀ ènìyàn ń ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi àti afẹ́fẹ́ ò fi ní ráyè dé ìdí igi. Ní Grove of Titans, tí kò jìnnà sí Stout Grove, ìpalára yẹn pọ̀ débi pé wọ́n ní láti kọ́ ọ̀nà gíga sókè ilẹ̀ kí àwọn àlejò tó lè padà máa rìn níbẹ̀.

Bí ẹ bá kúrò ní San Francisco ní aago méje òwúrọ̀, ẹ lè jẹun ọ̀sán ní Founders Grove, kí ẹ rí Big Tree ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí ilẹ̀ ti ń ya lápá gúúsù Crescent City, wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ nítorí àtúnṣe. Bí oòrùn bá ṣì wà nígbà tí ẹ bá wọ ìlú, ẹ má tíì lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ yà sí Howland Hill Road, ẹ rọra wà á.